Àtàǹpàkò Mi Lórí Wáyà Ọkọ̀ Àlàájà

Ní Ọjọ́rú, ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n oṣù Kínní ọdún 2026, tísà kan tí ń jẹ́ Oyèdèjì wa jíìpù àtijọ́ aláwọ̀ eérú kan wá sí ìsọ̀ mi ní Agric, ní Ìkòròdú. Ó ní ilẹ̀kùn ẹ̀yìn rẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní búùtù, ń ṣí fúnra rẹ̀ lójú títì. Mo ti dá ọkọ̀ náà mọ̀ kí ó tó paná rẹ̀. Nọ́ńbà rẹ̀ ti yí padà, wọ́n sì ti ran aṣọ tuntun bo ìjókòó, ṣùgbọ́n mo mọ ibi tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ti ha mọ́ ògiri ọgbà Àlàájà Ṣẹ̀rífátù, ẹni tó ni ọkọ̀ náà tẹ́lẹ̀. Mo tú ike tó bo òkè ilẹ̀kùn náà. Mo fa rọ́bà tí wáyà ń gba inú rẹ̀ kọjá láti ara ọkọ̀ bọ́ sí ara ilẹ̀kùn. Mo bá téèpù aláwọ̀ búlúù níbẹ̀, ó ti gbẹ, ó ti ń ṣí létí. Èmi ni mo lẹ̀ ẹ́. Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì dúró tì mí, ó ń sọ̀rọ̀. Ó ní, “Ìyàwó mi ní ká gbàdúrà sí ọkọ̀ náà, èmi ní ká kọ́kọ́ gbé e wá fún ríwáyà ná. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ mi obìnrin wà lẹ́yìn, ó ń bá mi di àwọn ìwé mi mú. Mo tẹ búrékì nítorí ewúrẹ́, búùtù gbéra sókè pátápátá. Gbogbo ìwé dà sí títì. Bí kì í bá ṣe pé ọmọ yẹn di ìjókòó mú…” Mo tún ọkọ̀ náà ṣe bó ṣe yẹ kí n ti ṣe é láti ìbẹ̀rẹ̀. N kò gba nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì ń wò mí bí ẹni tí ara rẹ̀ kò yá. Nígbà tó lọ tán, mo mọ̀ pé òtítọ́ náà ti tó jáde. Mo ń kọ ọ́ fún gbogbo ẹ̀yin tí ẹ wà nínú ọgbà Àlàájà lọ́jọ́ tí a dá Tìrìmísíyù lẹ́bi, àti fún ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ ìtàn náà lẹ́nu wọn. Tìrìmísíyù kò jalè. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀.

Abọ́dúnrìn ni orúkọ mi. Ìkirè ni wọ́n ti bí mi, Ìkòròdú ni mo ti kọ́ iṣẹ́ ríwáyà, ìyẹn àtúnṣe wáyà àti iná ọkọ̀. Nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́, inú ọkọ̀ kan tí kò ní ẹ́ńjìnnì ni mo ń sùn, ẹsẹ̀ mi a sì máa yọ síta láti ojú fèrèsé. Mo lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́, níbi tí a ti ń lo tábìlì àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Orúnkún mi kò wọ abẹ́ rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ni mo ń jókòó sí láti kọ̀wé. Nígbà tí mo ní ìsọ̀ tèmi, wọ́n wó o nítorí títì tí wọ́n fẹ́ fẹ̀. Mo ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi máńgòrò kan ní gbogbo ìgbà òjò ọdún náà, omi sì ba gbogbo irinṣẹ́ mi jẹ́ àfi tẹ́sítà. Àlàájà Ṣẹ̀rífátù ló rí mi níbẹ̀. Ó ní, “Kí lo ń fi òjò wẹ̀ fún bí ewúrẹ́ tí kò nílé? Kó ẹrù ẹ wá síwájú ṣọ́ọ̀bù mi.” Bí mo ṣe dé ibi tí mo wà títí di òní nìyẹn. N kò sọ èyí kí ẹ lè káàánú mi. Mo sọ ọ́ kí ẹ lè mọ ohun tí mo fi ọmọ ọlọ́mọ pààrọ̀.

Ẹ̀pẹ́ ni wọ́n bí Àlàájà sí, ẹja gbígbẹ ni òwò rẹ̀. Ọkọ̀ rẹ̀ ń lọ kó ẹja ní Ẹ̀pẹ́, ó ń gba Ìtóìkín padà wá sí Agric, àwọn agbọ̀n ẹja á sì kún ẹ̀yìn rẹ̀ fọ́fọ́. Tìrìmísíyù ni awakọ̀ rẹ̀, ọmọ Mùlíkátù tó ń yan ẹja létí ọ̀sà ní Ibeshe. Ọ̀dọ́kùnrin aláwàdà ni. Ó sọ ọkọ̀ náà ní Ìyá Àgbà. Bí ó bá dé báyìí, á ké sí mi pé, “Bọ̀ọ̀dá Ríwáyà, ẹ wá kí Ìyá Àgbà o! Eegun ń dùn wọ́n látàárọ̀.” Lójoojúmọ́ ni wọ́n ń ṣí búùtù náà tí wọ́n ń pa á dé, wọ́n á sì bu omi dà sẹ́yìn ọkọ̀ kí òórùn ẹja lè lọ. Wáyà tí a bá ń tẹ̀ síwá sẹ́yìn nígbà gbogbo, tí omi iyọ̀ tún ń kán sí, yóò gbó, yóò sì já. Wáyà méjì já nínú rọ́bà náà. Ọ̀kan ló ń gbé iná lọ sí iná búrékì tó wà lókè ilẹ̀kùn. Èkejì ló ń gbé iná lọ sí mọ́tò kékeré tó ń ṣí lọ́ọ̀kì nígbà tí awakọ̀ bá tẹ súìṣì. Ọ̀gá mi kọ́ mi pé a kì í so wáyà níbi tó bá ń tẹ̀. Ńṣe ni a máa ń gé ibi tó ti gbó kúrò, a ó fi wáyà tuntun gùn ún, a ó jó o pẹ̀lú òjé, a ó sì bo oríkèé kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Lọ́jọ́ tí mo ṣe é, iná kò sí, Àlàájà sì ń pariwo pé ọjà Ẹ̀pẹ́ kò ní í dúró de òun. Mo lọ́ ẹnu wáyà kọ̀ọ̀kan pọ̀ mọ́ èkejì rẹ̀ níbi tó ti já gan-an, mo sì fi téèpù búlúù kan ṣoṣo wé oríkèé méjèèjì. Mo ní n óò tún un ṣe bó bá dé. Ó dé, ohun gbogbo ń ṣiṣẹ́, n kò sì fọwọ́ kàn án mọ́.

Ọdún tí àwọn èèyàn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ́ ìbòmú kòrónà kúrò lójú ni agbọ̀n ẹja bẹ̀rẹ̀ sí í dín. Wọ́n á kà á ní Ẹ̀pẹ́, á pé. Wọ́n á kà á ní Agric, ọ̀kan á ti lọ. Ìbídùnní tó ń bá Àlàájà tajà ló kọ́kọ́ sọ ọ́ síta. Ó ní, “Ẹja tó ti gbẹ kì í lúwẹ̀ẹ́ padà sínú ọ̀sà o.” Tìrìmísíyù búra pé òun kò dúró níbì kankan. Nígbà tó tún ṣẹlẹ̀, ó sáré wọ ọgbà, ó ń mí hẹlẹ, ó ní òun ti mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀: bí òun bá ti tẹ búrékì nítorí kòtò Ìtóìkín, òun á gbọ́ “ká!” lẹ́yìn, búùtù á yanu, agbọ̀n tó wà létí á já bọ́. Wọ́n ní kí ló dé tó jẹ́ pé títì ni búùtù máa ń wà nígbà tó bá dé. Ó ní irin tó ń gbé e dúró ti kú, pé bí ọkọ̀ bá tún bọ́ sí kòtò mìíràn, ilẹ̀kùn náà á wálẹ̀ fúnra rẹ̀, á sì tì. Ìbídùnní pàtẹ́wọ́. “Ẹ gbọ́ o! Ó ń ṣí ara rẹ̀, ó tún ń ti ara rẹ̀! Ilẹ̀kùn ọmọlúàbí ni!” Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Èmi náà wà níbẹ̀, mo rẹ́rìn-ín. Kò sì sí ọ̀rọ̀ kan nínú ohun tí ọmọ yẹn sọ tí kò rí bẹ́ẹ̀.

Àlàájà kò fẹ́ gbé ọ̀rọ̀ náà lọ sí tẹ́ṣàn ọlọ́pàá. Ó ní ọmọ Mùlíkátù ni, ilé ni a ó ti tú u. Ó ránṣẹ́ pe Àáfà Sànní, olórí mọ́ṣáláṣí àdúgbò, ó sì ránṣẹ́ sí Ibeshe. Tìrìmísíyù fúnra rẹ̀ ló dárúkọ mi. Ó ní, “Ẹ jẹ́ kí Bọ̀ọ̀dá Ríwáyà yẹ ọkọ̀ náà wò lójú gbogbo yín. Àwọn ló mọ inú ẹ̀. Ohun tí wọ́n bá sọ ni mo fara mọ́.” Ọwọ́ ara rẹ̀ ló fi yàn mí ní ẹlẹ́rìí.

Lọ́jọ́ náà, mo ti wà nínú ọgbà kí ẹnikẹ́ni tó dé. Mo fi igi ti búrékì mọ́lẹ̀. Mo wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, mo fa ilẹ̀kùn dé mọ́ ara mi, nítorí pé ìgbà tí ilẹ̀kùn bá wà ní títì ni rọ́bà náà máa ń ká, tí ohun tó wà nínú rẹ̀ sì máa ń fún pọ̀. Ríwáyà tó bá ṣí búùtù sílẹ̀ kó tó dán an wò kò ní í rí nǹkan kan. Mo yọ wáyà kúrò lẹ́yìn mọ́tò lọ́ọ̀kì, mo fi tẹ́sítà sí ẹnu rẹ̀. Tẹ́sítà mi kò ju gílóòbù kékeré kan tí a so mọ́ wáyà lọ. Ẹnì kankan kò tẹ súìṣì, ṣùgbọ́n gílóòbù náà tàn. Mo na rọ́bà díẹ̀, ó kú. Mo fi í sílẹ̀, ó tún tàn. Oríkèé méjèèjì tí mo fi téèpù kan wé ti ń kan ara wọn. Bí awakọ̀ bá tẹ búrékì, iná á ya lọ sí lọ́ọ̀kì, búùtù á sì ṣí. Bí mo ṣe ń bọ́ sílẹ̀ ni Àlàájà jáde, ó ń so gèlè. Ó ní, “Abọ́dúnrìn, o ti rí nǹkan?” N kò tíì dáhùn tó fi sọ pé, “Nítorí bó bá jẹ́ pé ọkọ̀ ló ṣe é, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ni o. Ìwọ lo ṣe é kẹ́yìn. Ẹni tó bá ba ẹja mi jẹ́, kò ní í bá mi gbé iwájú ṣọ́ọ̀bù.” Mo rántí igi máńgòrò. Mo ní, “N kò tíì rí nǹkan kan, mà.” Ó wọlé lọ. Àyè ṣì gbà mí láti yí ọ̀rọ̀ náà padà nígbà yẹn. N kò yí i padà.

Wọ́n pé. Àáfà Sànní dúró sẹ́yìn ọkọ̀, ó ń wò mí láti ojú gíláàsì. Mùlíkátù dé láti Ibeshe, èéfín ẹja ṣì wà lára aṣọ rẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí. Mo wọ ẹ̀yìn ọkọ̀, wọ́n sì pa ilẹ̀kùn dé mọ́ mi. Tìrìmísíyù wà ní ìjókòó awakọ̀, nítorí ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun fúnra òun tẹ búrékì. Ó ké láti iwájú pé, “Bọ̀ọ̀dá, ṣé kí n tẹ̀ ẹ́?” Mo fi tẹ́sítà sí ẹnu wáyà lọ́ọ̀kì tí mo ti yọ, mo sì gbé e sókè lọ́wọ́ ọ̀tún kí Àáfà lè rí i. Mo na ọwọ́ òsì sókè bí ẹni tó ń mi rọ́bà kó lè dán an wò dáadáa. Mo ki àtàǹpàkò mi bọ àárín wáyà méjèèjì, mo sì yà wọ́n sọ́tọ̀. Mo ní, “Tẹ̀ ẹ́.” Ó tẹ̀ ẹ́. Gílóòbù kò tàn. Mo ní, “Tún un tẹ̀.” Kò tàn. Àáfà ń mi orí. Inú ọkọ̀ gbóná, òógùn bo ọwọ́ mi. Ní ẹ̀ẹ̀kẹta, àtàǹpàkò mi yọ̀, gílóòbù náà sì tàn wàì, ó kú. Oòrùn wà lójú gíláàsì, Àáfà kò rí i. Ṣùgbọ́n Tìrìmísíyù ń wo ẹ̀yìn nínú dígí awakọ̀. Ó pariwo, “Ó tàn! Ó tàn, mo rí i! Àáfà, wallahi, ó tàn!” Mo wo inú dígí náà, ojú èmi àti ojú rẹ̀ pàdé níbẹ̀. Mo ní, “Iná búrékì lo rí.” Wọ́n ṣí búùtù. Àáfà Sànní tẹ orí wọlé, ó bi mí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń béèrè àlàáfíà, “Abọ́dúnrìn, ó tàn àbí kò tàn?” Mo ní, “Kò tàn, Àáfà. Ilẹ̀kùn yìí kò lè ṣí àfi tí ẹnì kan bá ṣí i.”

Ohun tí mo sọ nìyẹn. N kò jí agbọ̀n ẹja kankan, n kò sì na ẹnikẹ́ni. Gbólóhùn kan péré ni mo sọ.

Tìrìmísíyù bọ́ sílẹ̀. Ìyá rẹ̀ ló dìde. Ó wá síwájú rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì mú, ó ní, “Ọmọ mi, jẹ́wọ́. Bí o bá jẹ́wọ́, á ṣeé bẹ̀bẹ̀ fún.” Ó ní, “Màámi, n kò jí i.” Mùlíkátù ní, “Ẹni tí o ní ká pè náà ti sọ̀rọ̀.” Ó ní, “Màámi, ẹ wojú mi.” Kò wojú rẹ̀. Ó yí sí Àlàájà, ó kúnlẹ̀, ó ní kí Àlàájà má ṣépè fún ọmọ òun, pé òun fúnra òun yóò máa yan ẹja san án padà títí agbọ̀n á fi pé. Àlàájà ní kó dìde, òun ti gbọ́. Mùlíkátù sì yan ẹja náà. Ní gbogbo ọjọ́ ọjà, ẹja Mùlíkátù ń wọ ọgbà wa láti Ibeshe, ó ń san gbèsè tí ẹnikẹ́ni kò jẹ. Iwájú mi ni wọ́n ń sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Ìbídùnní ló sọ fún mi pé ìyá náà ti ra àgádágodo sí ẹnu ọ̀nà yàrá rẹ̀, pé bó bá ń lọ sídìí ẹja yíyan, á tì í, á sì so kọ́kọ́rọ́ mọ́ ọrùn. Ìbídùnní rò pé ìròyìn ayọ̀ ni.

Kò pẹ́ tí Àlàájà fi ní òun fẹ́ ta ọkọ̀ náà, pé olè ti fi ìdí ba ìjókòó rẹ̀ jẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n yẹ wáyà ẹ̀yìn rẹ̀ wò kó tó tà á. Ó wò mí. “Kí lo fẹ́ yẹ̀ wò? Ṣé ìwọ kọ́ lo ní kò sí ohun tó ṣe é?” Wọ́n wa ọkọ̀ náà lọ, mo sì fi ojú sìn ín títí ó fi ṣẹ́ kọ́nà. Láti ìgbà náà, bí mo bá rí jíìpù aláwọ̀ eérú, ẹ̀yìn rẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ wò. Ẹni tó rà á fi irin agbélẹ̀kùn tuntun sí i, nítorí náà búùtù tó ń yanu díẹ̀ nígbà Àlàájà wá ń gbéra sókè tán pátápátá. Ohun tí ọmọ Ọ̀gbẹ́ni Oyèdèjì bá nìyẹn.

Ní ọjọ́ kejì tí ọkọ̀ náà padà dé, mo lọ bá Àlàájà nínú yàrá rẹ̀. Mo gbé wáyà tí mo gé kúrò sílẹ̀ níwájú rẹ̀, pẹ̀lú téèpù búlúù lára rẹ̀, mo sì ṣàlàyé. Ó béèrè pé, “Ta ló tún mọ̀?” Mo ní kò sí. Ó ní, “Fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó ti tutù, a kì í tún gbé e ka iná. Èmi ni mo gba ẹja lọ́wọ́ ìyá olóore yẹn. Ojú wo ni kí n fi wò ó?” Mo ní, “Mà, mo ti fẹ́ lọ sí Ibeshe.” Ó ní bí mo bá lọ, kí n kó ẹrù mi kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù òun kí n tó lọ. Ó tún ní, bí mo ṣe ń jáde, “Abọ́dúnrìn, ò bá ti sọ fún mi lọ́jọ́ náà. Ǹ bá pariwo, ṣùgbọ́n n kì bá lé ọ.” N kò mọ̀ bóyá òótọ́ ni. N kò fún un láyè láti fi hàn nígbà náà.

Mo bá Tìrìmísíyù létí ọ̀sà ní Ibeshe, ó ń kó yẹ̀pẹ̀ sílẹ̀ láti inú ọkọ̀ ojú omi. Kò sẹ́ni tó gbà á ní awakọ̀ mọ́ láti ọjọ́ náà. Ó ti gbó ju ọjọ́ orí rẹ̀ lọ. Ó kí mi, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá Ríwáyà, ẹ kú àtọjọ́.” Mo dọ̀bálẹ̀ fún un nínú yẹ̀pẹ̀, èmi tí mo jù ú lọ dáadáa. Àwọn tó ń bá a ṣiṣẹ́ dúró, wọ́n ń wò wá. Mo fi wáyà náà hàn án, mo sì sọ ohun tí àtàǹpàkò mi ṣe. Ó gbà á, ó yí i lọ́wọ́, ó ní, “Mo mọ̀. Mo rí i nínú dígí.” Mo ní kí ló dé tí kò wá bá mi láti ìgbà náà. Ó ní, “Kí n wá sọ kí ni fún yín? Ẹ̀yin náà rí i.” Mo ní kó foríjì mí. Ó ní, “Mo ti pa á tì, Bọ̀ọ̀dá. Ṣùgbọ́n ẹ wá sọ ọ́ fún Màámi.” Mo ní kó mú mi lọ bá wọn. Ó rìn ṣáájú mi dé ẹ̀yìn ilé wọn, ó sì dúró. Ebè ilẹ̀ kan ló wà níbẹ̀, koríko ti ń hù lórí rẹ̀. Ó ní, “Wọ́n ti kú nígbà òjò èṣí. Ẹ sọ ọ́.” Mo sọ ọ́. Ó dúró tì mí títí mo fi sọ ọ́ tán. Nígbà tí a ń padà, a gba ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá rẹ̀ kọjá, àgádágodo náà ṣì wà níbẹ̀. Ó ní nígbà tí àwọn obìnrin wẹ òkú rẹ̀, ọrùn rẹ̀ ni wọ́n ti tú kọ́kọ́rọ́ náà.

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, a kì í so wáyà níbi tó bá ń tẹ̀. Bí iṣẹ́ yín bá sì bàjẹ́, ẹ sọ pé ó bàjẹ́ nígbà tó ṣì jẹ́ pé ọkọ̀ nìkan ló bà jẹ́. Mo bẹ gbogbo ẹ̀yin tí ẹ bá wa rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà pé kí ẹ pe Tìrìmísíyù ní orúkọ rẹ̀ bí ẹ bá rí i, kì í ṣe orúkọ olè tí mo sọ ọ́. Mo ti kó ẹrù mi kúrò níwájú ṣọ́ọ̀bù Àlàájà. Mùlíkátù ti san gbogbo agbọ̀n náà pé kó tó kú, ó sì kú pẹ̀lú ìgbàgbọ́ pé olè lòun bí.